Epo Jíà Tí Kò Dà Tán

Ọkùnrin kan wà tó fi ọgbọ̀n ọdún gún àpò kòkó. Ayẹ̀kòkówò ìjọba ni. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kó kòkó wọn dé ibi ìwọ̀n, òun ni yóò mú irin gígùn kan tó níhò nínú, yóò gún àpò láti ẹ̀gbẹ́, yóò fa irin náà yọ, yóò sì da ohun tó bá irin jáde sí àtẹ́lẹwọ́. Ó rí òkúta níbẹ̀. Ó rí yanrìn. Ó rí kòkó tútù tí wọ́n fi kòkó gbígbẹ bò lójú. Kò sí ọgbọ́n tí wọn kò dá, kò sì sí èyí tí àṣírí rẹ̀ kò tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó dá irin náà padà fún ìjọba, ṣùgbọ́n kò dá ojú tó fi ń wo àpò padà. Ojú náà ló gbé wálé.

Bí alápatà bá gé ẹran fún un, yóò yí ẹran náà padà wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni náà ń wá. Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún un pé, "Bàbá Adétòún, lóòótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà. Ẹ kàn má fi oògùn ṣe oúnjẹ ni."

Ó ní ọkọ̀ kan, irú èyí tó máa ń yí jíà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ yí i. Mẹkáníìkì kan ló ń bá a tọ́jú ọkọ̀ náà láti ọdún mẹ́sàn-án. Akínfẹnwá lorúkọ mẹkáníìkì yìí. Òun náà ti kọ́lé sí àdúgbò yẹn, ojúlé mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Akínfẹnwá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ la máa ń tètè fura sí.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ jókòó sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ó ń dúró kí ó kàn án. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn mẹkáníìkì mìíràn wà tí wọn kì í rọ epo jíà kún ọkọ̀ oníbàárà wọn. Ó ní ìdajì ni wọn máa ń rọ sí i, wọn á gbé ìdajì yòókù pamọ́ fún ara wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó bi í. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n yí sí lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin wa kò tẹ̀lé wọn dé ìdí bọ́ọ̀lù. Ó ti padà sí ọdún méjì sẹ́yìn, sí ọjọ́ tí Akínfẹnwá pààrọ̀ epo jíà ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó rántí pé oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ó rántí pé Akínfẹnwá gbé àga kan sábẹ́ igi, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó síbi tó tutù." Lọ́jọ́ náà, ó kà á sí ìwà ọmọlúwàbí. Wàyí o, ó ń bi ara rẹ̀ pé, kí nìdí tó fi fẹ́ kí n kúrò nítòsí? Kí ló fẹ́ ṣe tí kò fẹ́ kí n rí?

Báyìí ni oore ṣe di ẹ̀rí. Kí onígbàjámọ̀ tó fá orí rẹ̀ tán, ó ti dá ẹjọ́ náà.

Ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò pààrọ̀ epo jíà náà nílé. Kò sọ fún Akínfẹnwá. Ó ra gálọ́ọ̀nù méjì, lítà mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ra ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ti ra èkejì, kí ẹnì kan ṣoṣo má baà rẹ́ ẹ jẹ lórí méjèèjì. Ó wo ìdérí wọn bóyá ẹnì kan ti ṣí wọn rí. Ó gbọ́ òórùn wọn. Ó dì wọ́n mú sókè nínú oòrùn. Kò rí àléébù kankan, ìyẹn gan-an kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí epo lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì pa á. Ó fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó tún ti igi gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀ nítorí kò gbára lé jáàkì. Ó tẹ́ ẹní àtijọ́ kan, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó wà ní ìdí jíà. Epo tú jáde, ó dúdú, ó sì pọ́n díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n pa láró lé osùn lórí. Ó dà sínú abọ́ ńlá. Nígbà tó yá, ó ń kán tó, tó, tó. Nígbà tí kò kán mọ́, Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ tún dúró fún wákàtí kan gbáko, bóyá yóò tún kán. Kò kán.

Ó wá rọ epo náà sínú ike omi tí a lè rí inú rẹ̀, èyí tó ń gba lítà kan àti ààbọ̀. Ike méjì kún. Ìkẹta kò kún, kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó lọ mú ìwé ọkọ̀ náà wá, èyí tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ láti ìlú òyìnbó. Ó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ epo jíà. Ó rí i. Lítà mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ. Mẹ́ta àti ààbọ̀ ló wà nínú ike.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ebi pa, ẹni tó fọkàn tán fún ọdún mẹ́sàn-án ló já a kulẹ̀, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, nítorí pé ohun tó wá ló rí. Ẹni tó bá sì ti rí ohun tó ń wá kì í ṣí ojú ìwé kejì. Ó pa ìwé náà dé.

Ìyàwó rẹ̀ jáde sí i. "Ẹ ti ṣe tán?"

"Wá wo olè," ó ní, ó na ọwọ́ sí àwọn ike náà.

Obìnrin náà wò wọ́n. "Epo ni mo rí."

"Lítà mẹ́rin àti ààbọ̀ kò sí níbẹ̀. Akínfẹnwá ló mọ ibi tó wà."

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Ta ni í bi olè léèrè bóyá ó jalè?"

Obìnrin náà padà wọlé. Ìpéǹpéjú ń rọ̀ ọ́, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Àkúrẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Nǹkan tó wà lọ́kàn rẹ̀ pọ̀ ju epo lọ.

Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ ti nọ́ọ̀tì náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo tuntun sí i láti òkè. Lítà mẹ́jọ ni ìwé wí, lítà mẹ́jọ ni yóò gbà. Gálọ́ọ̀nù kìíní wọlé láìsí wàhálà. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn epo yọ, ó wò ó. Epo ti kọjá àmì. Ó nu ọ̀pá náà, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Epo ṣì kọjá àmì.

Ó dúró, ó ń wo ọ̀pá náà. Bí ìwọ bá wà níbẹ̀, bóyá ò bá ti rò pé nǹkan kan wà tí o kò mọ̀. Òun kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Háà! Ó ti pààrọ̀ ọ̀pá mi!" Ó dá a lójú pé Akínfẹnwá ti fi ọ̀pá ọkọ̀ mìíràn síbẹ̀, kí epo tí kò tó lè máa dà bí èyí tó tó. Bí ọkàn bá ti dé irú ibẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó lè là á lójú mọ́, nítorí ohun tó yẹ kí ó là á lójú gan-an ni yóò máa pè ní alábàáṣiṣẹ́ olè. Ó rọ gálọ́ọ̀nù kejì tẹ̀lé e. Nígbà tó kù díẹ̀, epo ń fẹ́ padà bọ̀ wá sókè. Ó ní ọkọ̀ tí ebi ti pa fún ọdún méjì, ìfun rẹ̀ á ti súnkì. Ó ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn onílé àdúgbò ṣe ìpàdé. Akínfẹnwá wà níbẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn bí ìṣe rẹ̀. Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ wọlé, ó gbé ike mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé ìwé ọkọ̀ lé ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó ṣàlàyé bó ti máa ń ṣàlàyé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní èyí ni iye tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ wí. Ó ní èyí ni iye tó wà nínú rẹ̀. Ó ní láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kan ibẹ̀. Ó na ìka sí ẹ̀yìn.

Gbogbo ojú yí padà. Akínfẹnwá dìde. "Ẹ̀yin bàbá mi, epo jíà irú ọkọ̀ yẹn kì í dà tán bí wọ́n bá tú ìdí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù máa ń kù sínú."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí a ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀ tí kò dà? Ṣé oyin ni?"

Àwọn yòókù tẹ̀lé e rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni Akínfẹnwá sọ, ṣùgbọ́n ó dún létí bí àwáwí. Ó fẹ́ tún ẹnu ṣí, ó wo ojú wọn yíká, ó sì jókòó. Wọ́n ní àṣírí olè tó tú ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́. Lára àwọn tó wà ní ìjókòó ni ọkùnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ọmọbìnrin Akínfẹnwá sọ́nà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ẹbí méjèèjì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde kí ìpàdé tó parí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ sọ́kọ̀, ó di Àkúrẹ́. Kí wọ́n tó kúrò nígboro, ọkọ̀ náà ti ń kérora bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Bàbá ní epo tuntun ni kò tíì mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè kan láàárín igbó, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sì lọ síwájú. Ó gbọ̀n jìgìjìgì. Òórùn nǹkan tó ń jóná wọlé. Lẹ́yìn náà, èéfín funfun rú jáde láti abẹ́ ọkọ̀. Ó fa obìnrin náà jáde, wọ́n sá sẹ́bàá títì.

Kò gbiná. Èéfín náà rọlẹ̀ nígbà tó ṣe. Epo pupa ń ṣàn lórí ọ̀dà bí ìgbà tí a pa ẹran síbẹ̀. Ọkùnrin náà sì ń sọ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó ti ṣe nǹkan sí i. Ó ti wọ ọgbà mi. Mo tú àṣírí rẹ̀, ló fi wá ṣe mí báyìí."

"Ta ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Pikọ́ọ̀pù kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró níwájú wọn. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kan tó ti hu ewú díẹ̀ lágbárí, bàtà ike wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ ti rí i, ó yára yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jù ú sápò.

"Ẹ kú ewu o, Bàbá. Ẹ kú ewu, Màmá." Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan epo náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ta ló rọ epo jíà yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ rọ ọ́ jù. Òun ló ń tú jáde sórí sáláńsà tó gbóná. Lítà mélòó ló dà jáde tẹ́lẹ̀?"

"Mẹ́ta àti ààbọ̀."

"Mélòó lẹ wá dá padà?"

"Mẹ́jọ. Iye tó wà nínú ìwé ni."

Awakọ̀ náà fi ọwọ́ lérí. "Bàbá, iye tó bá dà jáde náà là ń dá padà. Irin rìbìtì kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà, ó dà bí igbá méjì tí wọ́n dé pọ̀. Inú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù máa ń wà. Kò níhò nísàlẹ̀. Bí ẹ dúró tì í títí di ọ̀la, kò ní kán."

Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ sún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Akínfẹnwá gẹ́lẹ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ. Àwọn méjèèjì kò lè ṣàdédé sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

"Ta ló rán ọ?" ó ní.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ta ló rán ọ sí mi?"

Awakọ̀ náà wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ìyàwó Bàbá, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun túmọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń gbé lọ sí Àkúrẹ́, Bàbá. Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ṣebí ẹ ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ò lè kà á, ẹ̀yin ẹ kà á."

Obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú òsì. "Aago mẹ́wàá ni dókítà ní kí n dé."

"A óò rí ọkọ̀ mìíràn," ọkọ rẹ̀ ní. "A kò mọ ẹni yìí rí."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni obìnrin náà ti gbé nílé ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bó bá ní kí wọ́n má wọ ọkọ̀, kì í wọ̀ ọ́. Bó bá ní kí wọ́n má jẹ oúnjẹ ibì kan, kì í jẹ ẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀ sápá.

"Bàbá Adétòún, bí a bá ń dúró de ẹni tí ẹ kò ní fura sí, ojú mi á fọ́ tán sójú títì yìí. Mò ń lọ."

Ó rìn dé pikọ́ọ̀pù náà, awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó wọlé. Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ sá tẹ̀lé wọn, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sókè kí ó má baà gbàgbé rẹ̀. Wọ́n gun òkè náà tán, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó wá ku òun nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi fún un. Ó jókòó sórí òkúta kan. Lẹ́yìn tó ti jókòó pẹ́, ó lọ mú ìwé náà jáde láti inú ọkọ̀. Ó ṣí i sí ojú ìwé tó mọ̀. Lítà mẹ́jọ ṣì ni. Ó wá tutọ́ sí ìka, ó ṣí ojú ìwé kejì.

Ìlà kẹta ló wà. Wọ́n kọ ọ́ pé bí a bá tú epo dà láti ìdí, lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni yóò jáde, òun náà ni kí a dá padà. Wọ́n ní mẹ́jọ tí àwọn sọ ṣáájú ni gbogbo èyí tí jíà lè gbà nígbà tí inú rẹ̀ bá gbẹ pátápátá, bíi ti jíà tuntun.

Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó yí ìwé náà padà, ó wo okùn tí wọ́n fi rán an, bóyá ẹnì kan ló lẹ ojú ìwé náà mọ́ ọn. Ó fi èékánná gbo ibi tí bébà ti wọnú ìrán. Ìgbà tó ń ṣe èyí lọ́wọ́ ló rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rí ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ nínú koríko.

Nínú fóònù rẹ̀, nọ́ńbà mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló wà, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé mẹkáníìkì mìíràn rí láyé rẹ̀. Ó pè é.

Akínfẹnwá gbọ́ ibi tó wà. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé Màmá wà nínú ọkọ̀ náà?" Nígbà tó gbọ́ pé ó ti lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní, "Mò ń bọ̀."

Ó dé. Ó kí i. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fa epo tó pọ̀ jù kúrò, ó fi ọ̀pá wọn èyí tó kù, ó nu sáláńsà mọ́. Ọ̀pá náà bá àmì mu rẹ́gí. Ó tan ọkọ̀, ó wà á lọ síwájú, ó wà á padà. Ó ní ọkọ̀ náà yóò gbé wọn délé, ṣùgbọ́n inú jíà ti jóná díẹ̀, kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ kò lè gbé ojú sókè. "Akínfẹnwá, o ò tilẹ̀ bú mi."

Akínfẹnwá ń fi àkísà nu ọwọ́. "Bàbá, lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ òótọ́ níwájú èèyàn mẹ́tàdínlógún, kò gbà mí sílẹ̀. Kí ni èébú fẹ́ ṣe fún mi?" Ó ká àkísà náà, ó fi í sápò. "Àwọn tí wọ́n fẹ́ di àna mi ránṣẹ́ sí mi lánàá. Wọ́n ní kí á ṣì dá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà dúró ná."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un lórí títì tí epo dà sí, aṣọ funfun lọ́rùn. Akínfẹnwá gbé e dìde. Kò sọ pé kò burú, kò sì sọ pé òun ti gbàgbé.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ ojú obìnrin náà, ó sì yọrí sí rere. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ dìde ní ìpàdé, ó ka ojú ìwé méjèèjì sókè, ó sì ní òun ni òpùrọ́ ibẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Akínfẹnwá kò lè ṣe irú rẹ̀. Bàbá ọkọ ìyàwó dìde níbẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kí ẹbí méjèèjì padà sí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Tíṣà ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni bàbá mi fi jẹ́ olè lójú yín, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tí mo fẹ́ wọ̀ tó wá bi í pé, 'Kí ló ṣẹlẹ̀?' Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ èmi náà láìdáa lọ́la, ta ni yóò bi mí? Ẹ má bínú. N kò lè lọ mọ́."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá Ìnspẹ́kítọ̀ gan-an bẹ̀ ẹ́, omi wà lójú rẹ̀. Ó dá a lóhùn tìtẹríba, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò fẹ́ yẹn kò ṣẹ̀ ẹ́ ní ohunkóhun, ó kàn jẹ́ pé bàbá rẹ̀ wà ní ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé ni.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o wá bá mi nítorí àbúrò rẹ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá yín láti ọdún mẹ́fà. O ní o yà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o sì rí i pé ìyá yín ti rù. O ní aṣọ tí o rà fún un kò sí lọ́rùn rẹ̀. O ní àbúrò rẹ ń sanra, àti pé nígbà tí o béèrè ọ̀rọ̀, kò rí nǹkan kan dáhùn. O ti pe ẹbí jọ fún ọjọ́ Ẹtì láti sọ pé ó ń jí nǹkan ìyá yín jẹ, o sì fẹ́ kí n wá jókòó níbẹ̀ kí n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tó dà sí ọ lójú lọ́sàn-án ọjọ́ kan lo wọ̀n. N kò ní irọ́ lo pa. Mo ní o kò tíì mọ iye tó kù sínú. Ta ló ń gbé ìyá yín láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń tọ̀ sára lóòjọ́? Aṣọ tí o kò rí lọ́rùn rẹ̀ yẹn, ṣé o dé ẹ̀yìnkùlé lọ wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí? Àbúrò rẹ kò rí ọ̀rọ̀ sọ, òótọ́ ni. Bóyá olè ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ojú tí o fi wò ó ni. Èmi kò mọ èyí tó jẹ́. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ lo pe ìpàdé.

Bí o bá sọ ọ́ níwájú ẹbí, tí ó sì wá já sí irọ́, wọn á dárí jì ọ́, nítorí ìwọ ni àgbà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní fi ojú kan náà wo ọmọbìnrin yẹn mọ́, òun náà kò sì ní fi ojú kan náà wò ọ́.

Òní ni ọjọ́ Ajé. Ìpàdé rẹ di ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú yín máa ń gbéra láàárọ̀. Wọ̀ ọ́ lọ́la, kí o lọ sùn níbẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, kí o máa bá àbúrò rẹ gbé ìyá yín. Bí o bá dé tí o ṣì fẹ́ kí n wá sí ìpàdé náà, n óò wá.